Ṣé Wọ́n Ka Ẹja Mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Tíṣà. Ní 2025, mo gbọ́ lórí rédíò pé wọ́n tún ọrọ̀ ajé Nàìjíríà kà, ó sì pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. GDP ni wọ́n pè é. Agbọ̀n ẹja tí mò ń yan kò ṣáà pọ̀ sí i. Ta ló jẹ àjẹkún náà? Ṣé wọ́n tilẹ̀ ka tèmi? Owó tí ọmọ mi ń fi ránṣẹ́ láti London ńkọ́?
Ìyá Ẹlẹ́ja, ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Ìyá mi, ẹ kú ọjà, ẹ kú èéfín. Kò sẹ́ni tó jẹ àjẹkún kankan. Ẹja ò kún. Bí wọ́n ṣe ń kà á ló yàtọ̀.

GDP ni iye ohun gbogbo tí a ṣe jáde ní Nàìjíríà láàárín ọdún kan, láì ka ohun kan lẹ́ẹ̀mejì. Ibẹ̀ gan-an ló ti le. Nílé wa ní Ẹ̀pẹ́, màmá mi a máa fi èédú fa ilà sára ògiri fún agbọ̀n kọ̀ọ̀kan tó bá tà. Àǹtí mi, tó ń gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí Èkó, náà a fa tirẹ̀ sára ògiri kan náà. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi ka ilà mẹ́sàn-án, inú rẹ̀ dùn. Agbọ̀n márùn-ún péré ni! Mẹ́rin nínú wọn ti gba ilà méjì méjì.

Nítorí náà, iye tí oníkálukú lé lórí ọjà ni wọ́n ń kà. Ká ní ẹ ra ẹja 10,000 náírà lọ́wọ́ apẹja, ẹ ra igi 2,000, ẹ yan án, ẹ tà á ní 18,000, oníbàárà yín wá tà á ní 23,000 fún ẹni tó máa jẹ ẹ́. Tiyín níbẹ̀ jẹ́ 6,000. Àpapọ̀ ohun tí gbogbo yín lé lórí rẹ̀ jẹ́ 23,000, kì í ṣe 53,000 tí a máa rí bí a bá kàn ro gbogbo owó títà pọ̀.

Ọ̀rọ̀ rédíò yẹn: NBS, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, ló fi 2019 rọ́pò 2010 gẹ́gẹ́ bí ọdún ìpìlẹ̀, ìyẹn ọdún tí wọ́n fi ń wọn àwọn ọdún yòókù, kí wọ́n lè rí iṣẹ́ tuntun kà, àti ti àwọn bíi tiyín tí kò forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Wọn kò ní wá sí ìdí ààrò yín o. Wọ́n á bi àwọn díẹ̀ léèrè, wọ́n á fi ìyẹn díwọ̀n ìyókù. Ní 2014, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀: wọ́n kúrò lórí 1990, wọ́n ka iṣẹ́ fóònù àti fíìmù bó ṣe yẹ, GDP ọdún 2013 sì fi ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún fò sókè. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, a ṣíwájú Gúúsù Áfíríkà. Mo ṣì ń kọ́ni nígbà náà. Owó oṣù mi ò mira.

Ọbẹ̀ tí ẹ sè fún ọmọ yín kò sí níbẹ̀ o. Ẹ bá sè é tà ní bùkà, wọ́n á kà á. Èyí máa ń bí mi nínú.

Owó London? Kò sí nínú GDP wa, torí kì í ṣe Nàìjíríà ló ti ṣiṣẹ́ rẹ̀. Àwọn Òyìnbó ti kà á sí tiwọn. Ẹ̀yin ẹ ṣá máa ná an.