Ṣé a lè so sílíńdà gáàsì ìdáná mọ́ ọkọ̀ bẹntiróòlù?

Rárá o. Gáàsì kọ́ ni ìṣòro, sílíńdà náà ni. Òkè rẹ̀ ni gáàsì ti ń jáde bí atẹ́gùn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń fà á gan-an, sílíńdà á tutù nini, ara rẹ̀ á máa làágùn, agbára gáàsì á wálẹ̀, ọkọ̀ á sì kú lórí òkè. Gáàsì olómi ni táǹkì gáàsì tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ń gbé jáde. Ẹ̀rọ kan tí omi gbígbóná ráídétọ̀ ń gbà kọjá ló ń sọ ọ́ di atẹ́gùn. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa kọ́kọ́ fi bẹntiróòlù ṣíná ọkọ̀, títí omi náà á fi gbóná. Tí wọ́n bá ń rọ gáàsì, fáàfù táǹkì náà tún ń dá a dúró tó bá ti kún dé 80%, torí gáàsì olómi máa ń wú nínú oòrùn. Sílíńdà ìdáná kò ní irú rẹ̀.