Báwo ni gbogbo àdúgbò ṣe lè dín iná tí wọ́n ń jẹ kù lẹ́ẹ̀kan náà?

Ó ṣeé ṣe dáadáa o, Cuba ti ṣe é rí, odindi orílẹ̀-èdè. Ní 2005 iná ń lọ ṣáá níbẹ̀ torí àwọn ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún wọn ti gbó, ni ìjọba bá rán àwọn ọ̀dọ́ láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń tú gílóòbù àtijọ́ tó máa ń gbóná yẹn, wọ́n ń fi èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀ dípò ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láàárín oṣù díẹ̀ wọ́n ti pààrọ̀ ohun tó lé ní mílíọ̀nù 9. Nígbà tó yá, wọ́n tún pààrọ̀ fíríìjì àtijọ́ bíi mílíọ̀nù 2, àmọ́ ìyẹn, díẹ̀díẹ̀ làwọn èèyàn ń san owó ẹ̀.

Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe é ládùúgbò yín, ẹ dáwó jọ kẹ́ ẹ ra gílóòbù LED tí kì í jẹ iná púpọ̀ lápapọ̀, torí wáàtì 9 ẹ̀ máa ń mọ́lẹ̀ tó gílóòbù wáàtì 60. Fíríìjì gan-an lèmi máa tẹnu mọ́, ó ń jẹ iná tọ̀sán-tòru. Ẹ fi bébà há ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀, tó bá yọ wọ́ọ́rọ́ tẹ́ ẹ fà á, rọ́bà etí ilẹ̀kùn ẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà.