Ìkàwé kìíní kì í ṣe òfin: ohun tí ojú mi rí nílé aṣòfin àgbà l'Ábùjá

Akọ̀wé, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ní ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú yín gbé àbádòfin kan lọ bá sẹ́nétọ̀ yín, pé kí ìjọba àpapọ̀ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ nílùú yín. Wọ́n kà á nígbà kìíní lọ́dún tó kọjá, ẹ ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí, láti ìgbà náà ẹ ò sì gbọ́ ju "ó wà lọ́nà" lọ. Ẹ wá ń béèrè bóyá kí ẹ kó ọkọ̀ lọ Ábùjá lọ ṣe ìwọ́de. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì háyà ọkọ̀ kankan. Mo ṣiṣẹ́ lọ́fíìsì sẹ́nétọ̀ kan láti apá ọ̀dọ̀ tiwa fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣẹ́ mi gan-an sì ni kí n máa tọ àbádòfin lẹ́yìn láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ títí dé ibi tó bá lè dé. Mo rí èyí tó di òfin. Èyí tí kò kúrò lójú kan títí Ilé fi tú ká pọ̀ jù ú lọ.

Kò sí ẹni tó dìbò lórí ohunkóhun níjọ́ ìkàwé kìíní. Akọ̀wé Ilé ka orúkọ àbádòfin náà jáde, ó tán síbẹ̀. Bí ìgbà tí wọ́n kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé iléèwé ló rí: ọmọ kò tíì wọ kíláàsì, kò sì tíì jókòó fún ìdánwò kankan. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rí i tí ìlú ń ná owó ayẹyẹ lórí ìkàwé kìíní, nítorí owó yẹn wúlò fún iṣẹ́ tó kù.

Ìkàwé kejì ni iṣẹ́ wà. Níbẹ̀ ni sẹ́nétọ̀ yín yóò ti dìde ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sọ tiwọn, tí Ààrẹ Ilé yóò sì bi wọ́n bóyá kí ó tẹ̀síwájú. Ṣùgbọ́n kò lè débẹ̀ láìjẹ́ pé ó wọ ìwé ètò ìjókòó, èyí tí gbogbo wa níbẹ̀ ń pè ní Order Paper. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ni Ilé máa ń jókòó. Ìgbìmọ̀ tó ń jẹ́ Rules and Business ló ń to ohun tí wọ́n máa ṣe lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi orúkọ ìgbìmọ̀ yẹn sọ́kàn ju ti ìgbìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ọjọ́ wà.

Bí Ààrẹ orílẹ̀-èdè bá kọ̀wé pé òun fẹ́ yá owó, tàbí pé kí wọ́n yẹ ẹnì kan wò fún ipò, ìyẹn ló máa ń ṣáájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àbá lórí ìjínigbé, omíyalé àti ìjàm̀bá ọkọ̀, tí gbogbo ènìyàn fẹ́ dá sí, ó sì yẹ kí wọ́n dá sí i. Ọ̀sán ti pọ́n kí wọ́n tó ṣetán. Àbádòfin sẹ́nétọ̀ kan tó kù nísàlẹ̀ ìwé yóò wá di ti ọjọ́ mìíràn. Tí mo bá ti gba ìwé náà láàárọ̀ tí mo rí ibi tí tiwa wà, mo ti máa ń mọ̀ bóyá a máa dé ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìwọ́de lẹ́nu géètì kò lè gbé e sókè nínú ìwé. Ohun tó ń gbé e sókè ni kí sẹ́nétọ̀ fúnra rẹ̀ lọ bá alága ìgbìmọ̀ yẹn, kó lọ lẹ́ẹ̀kan, kó tún lọ, kó sì ní àwọn ẹlẹgbẹ́ tó máa bá a sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, ohun tí ẹ máa bi ọ́fíìsì sẹ́nétọ̀ yín nìyí, kí ẹ sì béèrè rẹ̀ nínú lẹ́tà tí ẹ fọwọ́ sí, kì í ṣe lórí fóònù. Ṣé wọ́n ti tẹ àbádòfin náà jáde nínú Gazette, ìwé ìkéde ìjọba? Ṣé sẹ́nétọ̀ ti kọ̀wé sí alága Rules and Business pé kí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìkàwé kejì, ọjọ́ wo ló sì kọ ọ́? Àwọn sẹ́nétọ̀ méjì yòókù ní ìpínlẹ̀ yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti fi orúkọ wọn kún un? Ta ni nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin tó ti gbé irú rẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀? Àwọn tó bá lè dáhùn gbogbo rẹ̀ láìwo òrùlé ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì gba lẹ́tà padà tó kún fún àdúrà tí kò ní ọjọ́ kankan nínú, ẹ ti mọ ibi tí ẹ dúró sí.

Ọ̀rọ̀ orúkọ tó ju ẹyọ kan lọ yẹn ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ilé máa ń dá sẹ́nétọ̀ dúró. Wọ́n dá Ali Ndume dúró lọ́dún 2017, Ovie Omo-Agege lọ́dún 2018, Abdul Ningi fún oṣù mẹ́ta lọ́dún 2024, Natasha Akpoti-Uduaghan fún oṣù mẹ́fà ní oṣù kẹta ọdún 2025. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ fagi lé ti Ndume àti Omo-Agege. Ní oṣù keje ọdún 2025, ó ní oṣù mẹ́fà Natasha ti pọ̀ jù, nítorí ọjọ́ 181 ni òfin ní kí Ilé máa jókòó lọ́dún, ìjìyà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó dìbò fún un. Ní gbogbo àkókò tí ẹjọ́ ń lọ, ta ló ń gbé iṣẹ́ agbègbè yẹn dìde nínú Ilé? Ẹ má so kọ́lẹ́ẹ̀jì yín mọ́ ọrùn ènìyàn kan ṣoṣo.

Ká ní ìkàwé kejì ti kọjá. Ààrẹ Ilé yóò gbé e fún ìgbìmọ̀ kan, yóò sì ní kí wọ́n mú ìròyìn wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ló gba oorun lójú mi jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà, nítorí kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ó bá kọjá. Àbádòfin kan wà tí mo tọ̀ lẹ́yìn, tí kò sí sẹ́nétọ̀ kankan tó takò ó níjọ́ ìkàwé kejì. Ìgbìmọ̀ pe ará ìlú wá sọ tẹnu wọn, àwọn àgbà wa wọkọ̀ òru wá láti ilé, gbogbo wọn wọ aṣọ òkè. Ìròyìn kò jáde. Wọ́n pààrọ̀ alága, tuntun ní òun fẹ́ tún gbogbo rẹ̀ yẹ̀ wò. Àkókò ìbò abẹ́lé dé, ẹni tó gbé àbádòfin náà kò rí tíkẹ́ẹ̀tì gbà, Ilé sì tú ká. Nígbà tí Ilé tuntun jókòó, nọ́ńbà tuntun la gbà, Gazette tuntun la tẹ̀, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìkàwé kìíní. Méjì nínú àwọn bàbá tó wá níjọ́sí ti dolóògbé.

Lọ́jọ́ ìgbọ́rọ̀ yẹn náà, bàbá kan fẹ́ fi Yorùbá sọ ìtàn ilẹ̀ tí ìlú fi sílẹ̀. Wọ́n ní kí ẹnì kan bá a sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn mẹ́ta péré la sì rí túmọ̀ nínú gbogbo ohun tó sọ. Abala 55 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ọdún 1999 ní kí ilé aṣòfin àpapọ̀ máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́, àti Hausa, Igbo àti Yorùbá nígbà tí ètò tó yẹ bá ti wà fún un. Láti 1999, Gẹ̀ẹ́sì la ṣì ń gbọ́. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó ti fi Yorùbá jókòó, iṣẹ́ sì ń lọ. Títí ètò náà yóò fi dé, ẹ kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tó mọ́, ẹ so ìwé ilẹ̀ àti lẹ́tà ọba mọ́ ọn, kí ẹ sì fún akọ̀wé ìgbìmọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà.

Kì í ṣe àbádòfin kéékèèké nìkan ni Ilé ń tú ká lé lórí. Àbádòfin òmìnira láti gba ìròyìn wọlé lọ́dún 1999, ilé méjèèjì fọwọ́ sí i lọ́dún 2007, Ààrẹ Obasanjo kò buwọ́ lù ú, ìgbà tó di ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2011 ni Ààrẹ Jonathan tó sọ ọ́ di òfin. Ti epo rọ̀bì dé iwájú Ilé lọ́dún 2008, ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2021 ló di òfin. Ìlànà Ilé fàyè gbà á pé èyí tí Ilé tó kọjá ti fọwọ́ sí tán, tó wá há sọ́dọ̀ ilé kejì tàbí lọ́dọ̀ Ààrẹ, kí wọ́n lè gbé e padà tààrà síwájú gbogbo Ilé. Èyí tó bá kú sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ilé kẹwàá yìí kọ́kọ́ jókòó ní ọjọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 2023, abala 64 sì fún un ní ọdún mẹ́rin péré. Ẹ ka oṣù tó kù fúnra yín, kí ẹ sì yọ oṣù ìpolongo ìbò kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ tún béèrè bóyá nǹkan lè yí padà. Ó lè yí padà, kò sì le tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Abala 60 fún ilé kọ̀ọ̀kan lágbára láti ṣe ìlànà tirẹ̀. Kò nílò Ààrẹ orílẹ̀-èdè, kò nílò ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 bí àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe nílò wọn. Àwọn sẹ́nétọ̀ 109 yẹn lè tún un ṣe láàárín ara wọn. Bí wọ́n bá bi mí, mo fẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn ní eyín: tí ìgbìmọ̀ kò bá mú ìròyìn wá, kí àbádòfin padà síwájú gbogbo Ilé fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹnì kan ń bẹ alága.

Mo sì fẹ́ kí wọ́n máa ka ìbò lórúkọ. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, Ààrẹ Ilé yóò béèrè, àwọn kan yóò ké "aye" (bẹ́ẹ̀ ni), àwọn kan yóò ké "nay" (bẹ́ẹ̀ kọ́), òun yóò fi etí wọ̀n èyí tó pọ̀ jù, òòlù yóò dún. Ẹ ò ní mọ ohun tí sẹ́nétọ̀ yín ké. Ní ọjọ́ 15 oṣù keje ọdún 2021, nígbà tí ọ̀rọ̀ fífi èsì ìbò ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ dé, Sẹ́nétọ̀ Enyinnaya Abaribe ní kí wọ́n ka ìbò lórúkọ lórúkọ. Sẹ́nétọ̀ 52 ní kí NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ lórí fóònù, kọ́kọ́ jẹ́rìí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó, kí ilé aṣòfin sì fọwọ́ sí i. 28 takò ó. 28 kò sí níjókòó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúkọ wọn ti dé orí fóònù gbogbo ènìyàn, wọ́n sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè ní agbègbè wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Ilé yí ohùn padà, ó fi ọ̀nà tí èsì máa gbà sílẹ̀ fún INEC, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe wọnú òfin ìdìbò tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2022. Ó dá mi lójú pé ká ní ariwo ẹnu nìkan ni wọ́n fi dìbò níjọ́ kìíní yẹn, kò sí ẹni tí ìlú máa bi léèrè. Wọ́n sì ní ẹ̀rọ rẹ̀: òun ni wọ́n fi dìbò lórí àtúnṣe ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní oṣù kẹta ọdún 2022.

Ohun kan ṣì kù tí ẹgbẹ́ púpọ̀ máa ń gbàgbé. Bí ilé méjèèjì bá fọwọ́ sí i, ọjọ́ 30 tí Ààrẹ ní láti buwọ́ lù ú kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìgbà tí wọ́n bá gbé ẹ̀dà tó mọ́ dé iwájú rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà ilé aṣòfin àpapọ̀ ló sì ń ṣètò ẹ̀dà náà. Bí ọ̀rọ̀ ilé méjèèjì kò bá dọ́gba, ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ní láti kọ́kọ́ mú un dọ́gba. Ẹ yan ẹnì kan tó ń gbé Ábùjá, tó ní sùúrù, tí yóò máa béèrè ibi tí ìwé dé, kí ẹ sì máa san owó mọ́tò rẹ̀.

Lẹ́tà sí sẹ́nétọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ, kí alága ẹgbẹ́ àti kábíyèsí fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá ti kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín kà á kí ó tó lọ.