Ṣúgà tí kò tó, èso tó pọ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì tí ṣúgà di ohun ìwọ̀n ní Kánádà, báwo ni àwọn ìyá oko ibẹ̀ ṣe ń tọ́jú èso di ìgbà òtútù?
Òǹkàwé, Ìkọ́lé-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Oṣù Keje 1942 ni kúpọ́ọ̀nù ṣúgà, ìyẹn ìwé àṣẹ láti rà á, bẹ̀rẹ̀, ìdajì pọ́ùn fún ẹnì kan lọ́sẹ̀. Ẹni tó fẹ́ se èso sínú ìgò lè gba àfikún. Àmọ́ iná ló ń pa èso mọ́, kì í ṣe ṣúgà. Omi lásán tó o, adùn àti àwọ̀ nìkan ló máa dín kù. Ti jáàmù ló yàtọ̀.

Wọ́n á kọ́kọ́ fi ìka yí ẹnu ìgò ká, torí èyí tó bá ti ṣán létí yóò gba afẹ́fẹ́. Wọ́n á to èso, da omi gbígbóná sí i kó ku ìdajì ínǹṣì sí ẹnu, fi òrùka rọ́bà àti ìdérí sí i, kí wọ́n tó rì í sínú ìkòkò omi híhó, kí omi bò ó lórí. Rọ́bà yìí gan-an ni wàhálà: Jàpáánù ti gba Màláyà tó ń pèsè rẹ̀, rọ́bà àlòkù tó ti gan kì í sì í dì dáadáa. Ẹ má fi ẹran tàbí ẹ̀wà tútù dán ọ̀nà yìí wò o! Omi híhó lásán kì í pa kòkòrò tó ń sọ wọ́n di májèlé.