Yìnyín kì í ṣe fún omi híhó: bí a ṣe ń tètè mú omi mọ́ọ̀tì tutù n'Íbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní Bódìjà lẹ ti ń pọn bíà lítà 20, omi táǹkì orí òrùlé lẹ ń fà gba inú kọ́pà (páìpù bàbà kíká tí à ń rì sínú ìkòkò), àmọ́ lẹ́yìn wákàtí kan omi mọ́ọ̀tì yín (omi dídùn tí à ń sè kó tó di bíà) ò kúrò ní dígírì 38, yìnyín tẹ́ ẹ rà ti yọ́ tán, bíà náà sì kan. Kọ́pà yín kọ́ ló burú, omi tó ń gba inú rẹ̀ ló gbóná.

Kò sí bí kọ́pà ṣe lè mú ọtí tutù ju omi tó ń gba inú rẹ̀ lọ. Dígírì 3 sí 5 lókè omi náà ló sábà máa ń dúró. Táǹkì dúdú tí oòrùn ti ń pa látàárọ̀, omi inú rẹ̀ lè lé ní 35. Ẹ fa omi kànga tàbí ti bọ́ọ̀hóòlù tààrà, tí í máa wà ní nǹkan bíi 27 sí 28, tàbí kí ẹ pọntí láàárọ̀ kùtùkùtù.

Ọ̀rọ̀ yìnyín ló ń jẹ owó. Láti 100 dé 40, ooru inú lítà 20 á yọ́ yìnyín bíi kílò 12 sí 15. Láti 40 dé 20, kílò 4 sí 5 ti tó, ká sọ pé 8 sí 10 nítorí èyí tó ń ṣòfò. Nítorí náà, omi lásán ni kó gbé ooru àkọ́kọ́ lọ. Lítà 60 sí 80 lè bá a lọ. Àpò píọ̀ wọ́tà kan, ọ̀rá 20, kílò 10 nìyẹn. Ẹ ti tò ó sínú fírísà láti ọjọ́ méjì ṣáájú. Bí wọ́n bá mú iná lọ, àwọn tó ń ta áìsì bílọ́ọ̀kù fún òde ìnáwó wà ńlẹ̀.

Kọ́pà tuntun ni kẹ́ ẹ rà, 3/8 íńṣì, mítà 15, irú tí àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ń lò. Ẹ rọra ká a mọ́ ara gáráwá ọ̀dà. Ibi tó bá ti ṣẹ́ po, omi ò ní kọjá dáadáa. Ibi tí rọ́bà ti wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ yọ síta kúrò lẹ́nu ìkòkò, torí bí kílíìpù bá jò, omi tí a ò sè ló ń kán sínú ọtí yẹn. Ẹ gbé kọ́pà náà sínú ìkòkò nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 15 kẹ́ ẹ paná. Omi tó máa kọ́kọ́ jáde lè bó èèyàn lára. Ẹ gbè é sí gáráwá, á wúlò fún ìfọkòkò.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ń fojú di ni ríro. Bí ẹ bá fi kọ́pà sílẹ̀ jẹ́ẹ́, èyí tó wà lára rẹ̀ nìkan ló ń tutù, àárín ìkòkò ṣì ń jóni. Ẹ di í mú, kẹ́ ẹ máa mì ín lọ sókè sódò. Ẹ fọwọ́ kan rọ́bà tí omi ń gbà jáde: bó ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ tẹ́lẹ̀, kíá ló máa tún gbóná. Iṣẹ́ ń lọ nìyẹn.

Tó bá dé 40, ẹ ti ẹ̀rọ omi. Ẹ bu lítà 15 sínú báàfù, ẹ ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kúrò, ẹ da yìnyín sí i, kí pọ́ǹpù kékeré oníbátìrì máa fà á gba kọ́pà padà sínú báàfù kan náà. Ẹni tí ò ní pọ́ǹpù, kó gbé báàfù sórí tábìlì, kómi máa sàn wálẹ̀, kó máa bù ú padà.

Ẹ má ju yìnyín píọ̀ wọ́tà sínú ọtí fúnra rẹ̀ o. Àmọ́ bí ẹ bá se omi, tẹ́ ẹ jẹ́ kó dì nínú ike tó mọ́ tó ní ìdérí, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan: kílò 4 rẹ̀ nínú lítà 16 tó wà ní 45 á gbé gbogbo rẹ̀ dé nǹkan bíi 20. Kí lítà 16 náà ti nípọn ju bó ṣe yẹ lọ ṣá.

Nígbà tó ṣì lé ní 80, ẹ má dé ìkòkò pa, kí òórùn bí àgbàdo sísè ráyè jáde. Láti 60 sísàlẹ̀, ẹ dé e, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku ń fò. Bó bá ti rọ̀ sí 45, ibi ìdùnnú àwọn kòkòrò tó ń mú ọtí kan ni. Wákàtí tí ọtí yín lò ní 38 ni mo fura sí.

Lójú tèmi, ẹni tí iná ò dúró ládùúgbò rẹ̀ kó lo yíìsì kveik ti Nọ́wè. Voss, ọ̀kan nínú irú kveik, ń ṣiṣẹ́ dáadáa ní 35 sí 40, ẹ ò nílò yìnyín rárá. Bó bá jẹ́ yíìsì bíà lásán lẹ fẹ́ lò, mímú un dé 20 ò tíì parí iṣẹ́: yàrá tó wà ní 30 á tún gbé e gòkè. Ẹ gbé gáráwá ọtí sínú báàfù omi, ẹ máa pààrọ̀ ọ̀rá yìnyín méjì mẹ́ta láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́.