Akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá: irú ìsá wo ni?

Ọ̀dọ́kùnrin kan ní Ẹ̀pẹ́ bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní akínkanjú tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ. Ṣé òwe yìí kò kọ́ni ní ìwà ojo báyìí?"

Rárá, àbúrò. Ojo ti sá kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Òwe yìí kò bá a sọ̀rọ̀ rárá. Akínkanjú ló dárúkọ, ẹni tó ti jà, tí agbára ṣì wà lára rẹ̀. Òun ló ń bi léèrè bóyá ó mọ ìgbà tó yẹ kó kó ogun rẹ̀ kúrò. Balógun tó dá sá, tó fi ọmọ ogun sílẹ̀ fún ọ̀tá, kò rí ààbò nínú òwe yìí.

Ẹ̀pẹ́ ló yẹ kó ti yé wa jù. Ní oṣù Kọkànlá 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọlu Èkó, Ọba Kòsọ́kọ́ sì lé wọn padà. Wọ́n tún dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá. Teazer, ọ̀kan nínú ọkọ̀ ogun wọn, há sínú ọ̀sà, ìbọn àwọn ọmọ Èkó sì bà wọ́n gidi. Ta ni kò ní rò pé ìṣẹ́gun ti dé? Àmọ́ lọ́jọ́ kejì, iná sọ nínú ìlú. Ogun Àgídìǹgbì ni wọ́n ń pè é.

Kòsọ́kọ́ kò mọ̀ bóyá àwọn òyìnbó yóò tún padà sẹ́yìn bíi ti àkọ́kọ́. Kò mọ̀ bóyá Ìjẹ̀bú yóò gbà á. Síbẹ̀ ó fi ààfin sílẹ̀, òun, Oṣòdì Tápà tó jẹ́ balógun rẹ̀, àtàwọn ènìyàn wọn wọ ọkọ̀, wọ́n gba orí omi lọ. Awùjalẹ̀ fún wọn láyè, wọ́n sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́.

Ní 1854, àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan náà wá bá a ṣe àdéhùn: ó jọ̀wọ́ ìtẹ́ Èkó, wọ́n sì gbà pé òun ló ni èbúté Palma àti Lẹ́kkí. Ká ní ó kú sí Àgídìǹgbì, ta ni wọn ì bá bá ṣàdéhùn? Àwọn tó bá a wá ni Èkó Ẹ̀pẹ́ tòní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́. Ìrántí bí wọ́n ṣe dé ni ọdún Káyó-káyó tí à ń ṣe.

Ti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, olórí ogun Ọ̀yọ́, yàtọ̀ o. Ìlànà oyè yẹn láyé àtijọ́ ni pé kó ṣẹ́gun, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé láàárín oṣù mẹ́ta. Mi ò rí i bí ohun tó ta ko òwe wa. Ọba ló rán Kakaǹfò níṣẹ́ ogun, ìlú ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀ bó bá kú. Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ni ọba, àwọn tó tẹ̀ lé e kò sì ní olórí mìíràn tí yóò kó wọn jáde.