Ṣé gbogbo òdòdó tó rí bí agogo ni Campanulaceae?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ ẹbí ewéko méjì yìí, Campanulaceae àti Gentianaceae, àti bí a ṣe lè dá wọn mọ̀ nígbà tí òdòdó àwọn méjèèjì bá jẹ́ aláwọ̀ aró tó rí bí agogo.

Campanula ni agogo kékeré lédè Látìn. Gentiana ní tirẹ̀ wá láti ara Gentius, ọba Illyria tí àwọn ará Róòmù mú nígbèkùn ní ọdún 168 ṣáájú ìbí Kristi. Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù àtijọ́, kọ ọ́ pé Gentius ló ṣàwárí ewéko náà. Ṣùgbọ́n orúkọ kò tó fi ṣe ẹ̀rí. Lobelia wà nínú ẹbí Campanulaceae, kò sì jọ agogo rárá, ètè méjì ló ní. Ọ̀pọ̀ Gentiana ló sì jọ agogo tí wọn kì í ṣe ara ẹbí náà.

Ewé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ti Campanulaceae sábà máa ń yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí oríkèé. Ti Gentianaceae máa ń yọ ní méjì-méjì, wọn a kojú ara wọn. Ẹ wá já ewé kan. Oje funfun bíi wàrà máa ń jáde lára Campanulaceae. Gentianaceae kò ní in, kíkorò ni tirẹ̀. Ẹ má tọ́ ọ wò o, nítorí Lobelia ní májèlé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi abẹ la òdòdó náà lóròó. Àpò irúgbìn Campanula wà nísàlẹ̀ ibi tí òdòdó ti bẹ̀rẹ̀. Ti Gentiana wà nínú ihò òdòdó gan-an. Bí ẹ bá gé àpò náà ní ìbú, ti Campanula sábà máa ń ní yàrá mẹ́ta, ti Gentiana kò ju ẹyọ kan lọ, ara ògiri rẹ̀ ni irúgbìn sì lẹ̀ mọ́.

Ibi tó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà nìyí. Bí ẹ bá la Campanula tó ti tanná, ẹ ó rí i pé àwọn okùn tó ń ru ìyẹ̀fun òdòdó ti rọ nísàlẹ̀. Àìsàn kọ́. Kí òdòdó tó là ni wọ́n ti tú ìyẹ̀fun wọn sára irun ọ̀pá àárín, ibẹ̀ ni oyin ti ń kó o. Ìgbà tí ìyẹ̀fun bá ti lọ tán ni orí ọ̀pá náà tó là sí mẹ́ta láti gba ti òdòdó mìíràn. Nítorí náà, ẹ la èyí tí kò tíì tanná mọ́ ọn. Èéhù òdòdó Gentiana máa ń lọ́ pọ̀ bí aṣọ tí a fún omi rẹ̀, àwọn okùn rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ara ihò òdòdó.

Ọ̀rọ̀ ewé yìí kì í ṣe eré fún àwọn tó ń wa gbòǹgbò Gentiana lutea lórí òkè ní Yúróòpù. Veratrum album, tí májèlé rẹ̀ lè pani, máa ń hù sí pápá kan náà, ó sì jọ ọ́ gidigidi kí wọ́n tó tanná. Ewé Veratrum kì í kojú ara wọn. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má hú u.